Ìwé Tí Ìyá Dáre Fi Rán Ọ Sí Mi

Ìbídùn, ọmọ mi, àdùkẹ́ mi,

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Aràmọkọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ìwé ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi, mo ń kà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ìwọ ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nínú ìwé náà, ìyàwó tuntun kan gún iyán fún ìyá ọkọ rẹ̀, iyán náà sì lé kókó. Ìyá ọkọ bu òkèlè àkọ́kọ́, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé e mì, ó ní, "Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iyán máa ń ní egungun."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí pé ṣe ni mo máa ń kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nínú orí mi. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Yorùbá yé mi láìgba ilé ẹlòmíràn kọjá. O mọ̀ pé ọmọ kékeré ni mí nígbà tí wọ́n mú mi kúrò ní Ìlọgbò lọ sí ìlú òyìnbó. Ibẹ̀ ni mo ti lọ sílé ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti di ìyàwó bàbá rẹ, mo ti bí ọ, kí n tó padà wá máa kọ́ èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Títí dòní, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Bí o bá rí àṣìṣe nínú lẹ́tà yìí, tún un ṣe, ṣùgbọ́n má fi rẹ́rìn-ín níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Ìyá Dáre ló fún mi ní ìwé yẹn. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ korò.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn pé iṣẹ́ olùkọ́ náà ti ń mọ́ ọ lára, pé yàrá tí o gbà ní Ẹ̀fọ̀n kò jò, pé òkè ibẹ̀ kò tíì gba èémí lẹ́nu rẹ. O ní ìwọ àti àwọn olùkọ́ bíi mélòó kan fẹ́ máa pàdé lọ́jọ́ Sátidé, kí oníkálukú máa sọ ìwé ìtàn tó ń kà lọ́wọ́, kí ẹ sì máa yá ara yín. O ní, "Mọ́mì, kí lẹ ń kà báyìí? Ẹ sọ èyí tí a lè fi bẹ̀rẹ̀." Ó dùn mọ́ mi. Àfi ìgbà tí o wá sọ pé ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ti yọ̀ǹda pálọ̀ rẹ̀ fún yín, pé Ìyá Dáre ni wọ́n ń pè é, pé bó ṣe gbọ́ ọmọ ẹni tí o jẹ́, ó dìde wọ yàrá, ó gbé ìwé kan jáde, ó ní kí o fún ìyá rẹ. O bi í pé kí ni kí o sọ. Ó ní, "Fún un ni mo ní kí o fún un."

Ìwé náà dé lánàá, ọwọ́ dírẹ́bà tí o fi rán ni mo ti gbà á. Ó wà lórí tábìlì oúnjẹ. N kò tíì ṣí i.

N kò sọ ìtàn yìí fún ọ rí. Ọmọdé ni ọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí o sì dàgbà, mo ti di ẹni tí kì í fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o ti fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ tí mo wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, nínú ilé ẹni tó tì mí jáde nínú tiwa. N kò lè dákẹ́.

Mẹ́rin ni wá. Ìyá Dáre, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Aràmọkọ nígbà náà, Bùrọ̀dá Ṣọlá tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi, àti èmi. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni a máa ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Dáre. A kì í pe ìwé ní orúkọ tí òǹkọ̀wé fún un. Àwa la máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó kọ́ mi lẹ́rìn-ín yẹn, "Eléegun" la pè é.

Bùrọ̀dá Ṣọlá kò lè pa òpin ìtàn mọ́ra. Á gbé ìwé sókè, á ní, "N kò ní sọ ìparí o. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín fà mọ́ ọkọ yẹn jù."

"Ó ti pa ọkùnrin náà nìyẹn," ni Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi á sọ. "A dúpẹ́ pé oògùn lásán lo ń tà. Bó o bá jẹ́ dókítà ńkọ́?"

Ìyá Dáre kì í dá wọn lóhùn. Èmi ló máa ń kọjú sí. "Ìyá Òyìnbó, ojú ewé mélòó lọ́sẹ̀ yìí?"

"Mẹ́rin, mà."

"Ìgbín ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Yóò dé. Kó ṣáà má bọ́ ìkarahun sílẹ̀ lọ́nà."

Bó ṣe ń bú mi nìyẹn, bó sì ṣe ń kọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, kì í tún un ṣe lójú àwọn tó kù. Á dúró di ìgbà tí a bá ń kó àga wọlé, á wá fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn mìíràn, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí rẹ̀. Ìbídùn, mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló fún wa. Ẹni tó bá mú ìwé wá fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A ó bi í pé, "Ta lo mú un wá fún?" Òun náà á dárúkọ ẹni náà, á sì sọ ìdí rẹ̀: pé mo mú un wá fún Nọ́ọ̀sì nítorí pé òun náà ní àbúrò tí kì í gbọ́ràn, pé mo mú un wá fún Ṣọlá kó lè rí ìwé tí kò ní lè sọ ìparí rẹ̀, nítorí kò ní ìparí. Ìyá Dáre á fi ohùn ìlú rẹ̀ sọ pé, "Ùwé kì í yadi jáde ní ulé mi." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Eré ni mo pè é.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ kan tí ibà dá ọ dúbúlẹ̀. N kò lè lọ sípàdé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé kan ni, ìtàn obìnrin opó kan tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí òkè òkun tí kò padà wá, kódà kò wá sin bàbá rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ọmọ náà ni mo fi rántí Ìyá Dáre. Ẹnu obìnrin náà ni. Á bú ènìyàn títí onítọ̀hún á fi rẹ́rìn-ín, á sì tún bu oúnjẹ fún un. Ohùn Ìyá Dáre ni mo ń gbọ́ láti ojú ewé kìíní. Mo fi gèlè mi dì í nítorí eruku, mo fún ọlọ́kadà kan, mo ní kó gbé e lọ fún un. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan ṣọwọ́. Níbi tí mo ti lọ sílé ìwé, o lè ju ìwé sí ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ kí o máa lọ. Yóò kà á, yóò sì dúpẹ́. Mo rò pé ìwé yóò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ohun tí a bá fi aṣọ dì, tí a fi ránṣẹ́ tí a kò fi ẹnu rán, àrokò la ń pè é níbí. Àwọn àgbà tilẹ̀ máa ń fi pe ara wọn síjà. Bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, Ìyá Dáre tú gèlè, ó wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó dé orí kẹta, ibi tí wọ́n ti ń sin ọkọ obìnrin náà tí gbogbo ìlú ń wo ojú ọ̀nà, tí ọmọ kò dé.

Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Ìyá Dáre. Dáre wà ní òkè òkun. Bí a bá béèrè rẹ̀, á ní, "Dáre ń kí yín." Ohun tí àwọn yòókù mọ̀, tí èmi kò mọ̀, ni pé Dáre kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́. Bàbá rẹ̀ kú, kò wá. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun kan náà dé, èmi ni mo di ìtàn yẹn sínú aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ sí i.

Ọlọ́kadà kan náà ló gbé ìwé padà wá láàárín ọ̀sẹ̀. Ó wà nínú gèlè mi. Wọ́n ti fọ gèlè náà, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀. Ṣé o mọ ohun tí mo sọ fún bàbá rẹ? Mo ní, "Ẹ wo ìmọ́tótó obìnrin yìí." N kò mọ̀ pé ohun tó ń sọ ni pé kò sí ohun mi kankan lọ́dọ̀ òun mọ́, títí kan eruku.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pọ̀n ọ́ lọ sí ilé rẹ̀. Kò sí àga kankan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti kó ìpàdé lọ sí ilé Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Bí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, "Ẹ kú ìsinmi o," wọ́n ti kọjá. Bùrọ̀dá Ṣọlá tí kò lè pa òpin ìtàn kankan mọ́ra, ó pa tèmi mọ́.

Ó tó bí ọdún kan kí n tó gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo gbé ọ lọ gba abẹ́rẹ́, Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń wá ibi tí yóò gún lápá rẹ, ó ní, "Ẹ̀yin náà, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ṣe é?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ fi ìwé pa òwe mọ́ obìnrin tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Ẹ tún wá fi aṣọ dì í."

"Nọ́ọ̀sì, n kò mọ̀ pé Dáre kò..."

"Gbogbo wa rò pé ẹ mọ̀ ni."

"Ta ló bi mí?"

Ó fi òwú nu apá rẹ. "Ẹ dì í mú dáadáa," ló wí, "kó má baà jà."

Nígbà náà, Ìyá Dáre ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Láti Aràmọkọ sí Ẹ̀fọ̀n kò jìnnà, ìwọ náà mọ̀. N kò lọ. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í rìn lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti jókòó ní Ẹ̀fọ̀n máa sọ bákan náà.

Ohun tó ń ká mi lára jù nìyí. Mo rí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn tí wọ́n sunkún nítorí olè kan nínú ìwé. Mo gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì Kẹ́mi ń bẹ̀bẹ̀ fún obìnrin kan nínú ìtàn tó ta ilé àbúrò rẹ̀, tó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná." Kò sí ẹni tó ní kí a gbọ́ tẹnu tèmi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo jẹ́ ọmọ tuntun nínú èdè yìí, àgbà mẹ́ta ló wà lọ́jà, wọ́n ń wo orí mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, gbọ́ èyí.

Èkíní, mọ ilé ènìyàn kí o tó gbé ìwé wọ ibẹ̀. Má sọ pé ìwé dùn, nítorí náà yóò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Béèrè. "Ṣé ìtàn ikú kò ní pọ̀ jù fún yín báyìí?" Ìbéèrè yẹn kò gba àkókò. Ì bá ti gba ọ̀rẹ́ kan là fún mi.

Èkejì, má fi ìwé ránṣẹ́ láìfi ẹnu rán an. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí o kò bá lè lọ, pe onítọ̀hún lórí fóònù, kó gbọ́ ohùn rẹ, kó gbọ́ pé o ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣèlérí fún ọ pé odidi tó máa dà nínú rẹ̀ ni èyí tí o ní lọ́kàn. Ààbọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí Ìyá Dáre di odidi nínú rẹ̀. Kì í ṣe tèmi.

Bí ẹnikẹ́ni bá dá ìwé padà láìkà á tán, bi í ní ibi tó dúró sí. Má bínú, ṣáà bi í. Ìyá Dáre dúró sí orí kẹta. N kò ní sọ ìparí ìwé náà fún ọ, mo ti kọ́ ọgbọ́n lára Bùrọ̀dá Ṣọlá, ṣùgbọ́n ká ní ó ní sùúrù kọjá ìsìnkú yẹn ni, ì bá rí i pé òun ni mo ń gbé gẹ̀gẹ̀.

Má ṣe rò pé ẹni tó mọ ìwé kà mọ ènìyàn kà. Mo rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ná mi.

Bí ẹnì kan bá sì wà láàárín yín tí kì í yára kàwé, má jẹ́ kí wọ́n fi ṣẹ̀sín lẹ́yìn rẹ̀. Lójú rẹ̀ kò burú. Wọ́n bú mi lójú mi, mo sì dàgbà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n sọ lẹ́yìn mi ni kò tíì kúrò lára mi.

O béèrè ohun tí mo ń kà. Ìwé méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n fi ògiri pín ilé bàbá wọn sí méjì. Ògiri náà gba àárín ilé ìdáná kọjá, aáwọ̀ ẹni tó ni ààrò ló sì gba ìdajì ìwé. Èyí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ kúrú, kò sí ẹni tí kò ní rí ìbátan rẹ̀ kan níbẹ̀, àríyànjiyàn yín kò sì ní tán bọ̀rọ̀. Ìkejì jẹ́ ìtàn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà ìfẹ́, títí ọkùnrin kan fi wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Má tíì gbé ìyẹn lọ. Àwọn ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí ojú yóò ti ẹ̀yin ọ̀dọ́ láti kà sókè. Ìyá Dáre ni ojú kò ní tì. Yóò gbà á lọ́wọ́ yín, yóò kà á bí ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ń kọ ìyẹn, mo sì ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi pé mo ń rẹ́rìn-ín.

Ìwé tó fi rán ọ náà nìyí níwájú mi. Tuntun ni. Àwòrán ilẹ̀kùn kan wà lára èèpo rẹ̀, ó ṣí díẹ̀. Kò fi aṣọ dì í. Mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, mo gbọ̀n ọ́n, ohunkóhun kò jábọ́. Bàbá rẹ wò mí títí, ó ní, "Ṣí i kà. Ìwé ni." Bàbá rẹ kò tíì ka ìwé kan tán láti ìgbà tó ti fẹ́ mi.

Ó lè jẹ́ pé ó ń bẹ̀ mí ni. Ó lè jẹ́ pé èsì ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé orí kẹta tèmi ń dúró dè mí níbẹ̀, ìyá kan tó kó ẹ̀gàn wá láti òkè òkun. Ó sì lè jẹ́ ìwé lásán, ohun tó kà tó dùn mọ́ ọn, tó rántí mi. Èyí ni mo bẹ̀rù jù. Bó bá jẹ́ ìwé lásán, kí ni n óò wá fi ìkorò tí mo ti tọ́ dàgbà pẹ̀lú rẹ ṣe?

Nítorí náà, ìwọ ni mo fẹ́ bi, Ìbídùn. Mo ti gbà ọ́ nímọ̀ràn tó. Ó kù kí o gba èmi náà nímọ̀ràn. Ìwọ lo wà ní pálọ̀ rẹ̀, ìwọ lo rí ojú rẹ̀. Nígbà tó gbé ìwé náà lé ọ lọ́wọ́, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Ṣé kí n kà á tán kí Sátidé tó dé? Àbí kí n dá a padà láìṣí i, bí òun náà ti ṣe? Àbí kí n wọ mọ́tò wá sí Ẹ̀fọ̀n, kí n jókòó láàárín ẹ̀yin ọmọdé, kí n gbé e lé orí itan mi, kí n sì fi ẹnu ara mi bi í lójú gbogbo yín pé, "Mà, ta lẹ mú un wá fún?"

Èmi ni,
Ìyá rẹ.